Kọ́kọ́rọ́ Tó Sọnù Láti Apá Kẹrin

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń kọ ìtàn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé mi lórí WhatsApp ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo sì ti dé apá 63. Ní apá kẹrin, ẹnì kan jí kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyá àgbà kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, n kò sì tíì sọ ẹni náà títí di òní. Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, tí kálukú ń dárúkọ ẹni tó fura sí. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni kì í béèrè mọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní n kò gbọdọ̀ tú àṣírí náà, pé òun ló so àwọn tó kù mọ́ ìtàn. Ṣé òótọ́ ló sọ? Mo fi apá mẹ́fà mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. (Òǹkàwé yín, Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: A kí yín kú ìfaradà, nítorí apá 63 kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo ka apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, n kò sì fara mọ́ ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín. Lóòótọ́ ni àdììtú máa ń mú kí ènìyàn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín kò ro ohun tí àdììtú tó pẹ́ jù máa ń fi àwọn ẹ̀dá ìtàn ṣe.

Láti ọ̀sẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ti sọnù, ẹni tó jí i ní láti panu mọ́, ọmọdé tó rí i nígbà tó ń jí i náà ní láti panu mọ́, ìyá àgbà kò sì gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, torí pé bó bá béèrè pẹ́rẹ́, àṣírí ti tú. Ìyá wo ni kò ní béèrè? Nínú agbo ilé tiwa, bí kọ́kọ́rọ́ àpótí àgbàlagbà bá sọnù lóru, kí oòrùn tó yọ dáadáa ni wọ́n á ti ká ẹní nílẹ̀, tí wọ́n á ti tú àpò aṣọ àwọn ọmọdé, tí wọ́n á sì ti ránṣẹ́ pe àlejò tó yà kí wọn lánàá. Obìnrin tí ẹ fi hàn wá ní apá kìíní pé ó mọ iye ẹyọ iṣu tó wà nínú abà rẹ̀ ni ẹ wá sọ di ẹni tí ohun rẹ̀ sọnù tí kò wá a. Mo rò pé ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé yín ti ń jáde. Wọ́n lè fara da àìmọ olè náà fún ọdún kan, ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́n, ìyẹn kò ṣeé fara dà.

Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Mo ń kọ eré fún ilé iṣẹ́ rédíò kan, mo sì fi ẹni tó dáná sun oko bàbá kan pamọ́ fún oṣù méje. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra aṣọ òfì ní Ìlọrin, níbi tí àwọn ahunṣọ márùn-ún jókòó lẹ́sẹẹsẹ, tí òwú tí wọ́n ta gùn lọ níwájú wọn títí dé ibi òkúta tí wọ́n fi dì í mọ́lẹ̀. Rédíò wà lójú fèrèsé, eré mi sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá olóko tún pàdé aládùúgbò tí apá rẹ̀ jóná lóru ọjọ́ náà gan-an, tó sì tún ń bá a sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀kan nínú wọn, láì dá ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ní, “Bàbá yìí kò kúkú fẹ́ mọ̀.” Òmíràn na ọwọ́, ó yí i sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn. Mo sanwó aṣọ mi, mo lọ.

Àwọn àgbà pe tiwọn ní àlọ́ àpamọ̀, torí pé a ń pa á kí a lè mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó bá ní òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i já, yóò sọ pé ẹ̀wà ni, yóò sì bọ́ sórí òmíràn. Bó bá fi ìdáhùn pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní òun alára kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti ẹ̀rù pé ìtàn á kú bí àṣírí bá tú, Dallas, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, yìnbọn lu J.R., olówó epo inú eré náà, ní oṣù kẹta ọdún 1980, ó sọ ẹni tó yìn ín ní oṣù kọkànlá, ó sì ń bá a lọ títí di 1991, nítorí ìjà ẹbí àti owó epo ṣì wà nílẹ̀ fún wọn láti jà lé lórí. Twin Peaks, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mìíràn, ni ọ̀rẹ́ yín ìbá fi ta kò mí. Ìbéèrè ẹni tó pa Laura Palmer ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ dáhùn, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúngun mọ́ wọn, wọ́n dáhùn, àwọn òǹwòran sì ń dín kù títí eré náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1991. Àwọn kan ní ìdáhùn ló pa á. Èrò tèmi ni pé gbogbo ẹrù ilé ni wọ́n kó lé orí òpó kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹrù tó wà lórí òpó tiyín ń pọ̀ sí i.

Torí náà, ní apá 64, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà béèrè. Kí ọmọ rẹ̀ parọ́ fún un bó bá wù yín, nítorí ẹni tó bá parọ́ ní láti máa ṣọ́ irọ́ náà, ìyẹn nìkan sì tó ìtàn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ lè má sọ ohun tó wà nínú àpótí náà láéláé. Nínú ohun tí mo kà, kò sí ẹni tó tíì ṣe ohunkóhun nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá tíì mọ olè náà, èyí tí mo fura sí nígbà tí mo ka apá 41, ẹ sinmi fún Ọjọ́bọ̀ méjì, ẹ yan ẹnì kan, kí ẹ sì padà lọ wo apá kẹrin bóyá ó wà nílé lóru ọjọ́ náà.