Ṣé lóòótọ́ ni pé oríkì ìbejì kò ní ètò bí ewì?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí ìparí ìlà oríkì ìbejì kò fi dún bákan náà bíi ti ewì Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè yín dára. Èsì tí ẹ sọ pé wọ́n fún yín ló bí mi nínú: pé oríkì kò létò, pé "kìṣì" àti "kéṣé" kàn ń kún ẹnu lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kì í lọ́dọ̀ wa:

Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn,
Ẹdúnjọbí,
Ọmọ ẹdun tíí ṣeré orí igi,
Ó bẹ́ kìṣì, ó bẹ́ kéṣé,
Ó fẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ sílé alákìísà,
Ó sọ alákìísà di aláṣọ.
Wínrinwínrin lójú orogún,
Ejìwọ̀rọ̀ lójú ìyá ẹ̀.

Ohùn tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tẹ́tí sí: dò, mí, re, mí, dò, re, mí, dò. Kò sí ìlà méjì tó tẹ̀lé ara wọn tó fi ohùn kan náà parí. Ètò rèé! Ní ti gígùn ìlà, èémí ẹni tó ń kì í ló ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ni "Ẹdúnjọbí" fi lè dá ìlà kan gbà.

Ẹ wá wo "kìṣì" àti "kéṣé". "Ó bẹ́" kan náà ló ṣáájú wọn, k àti ṣ kan náà ló wà nínú wọn, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ dò-dò, èkejì mí-mí. Ẹdun, irú ọ̀bọ kan, balẹ̀ gì sórí ẹ̀ka, ó tún ta sókè. Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹnu lásán?

Ìlà méjì tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. "Lójú" dúró síbi tó wà, gbogbo ohun tó yí i ká ló yí padà. Yorùbá a máa fi ohùn òkè pe ohun kékeré, a sì fi ti ìsàlẹ̀ pe ńlá: ẹ rántí róbótó àti ròbòtò. Bẹ́ẹ̀ ni wínrinwínrin ṣe fúyẹ́ lójú orogún, tí ejìwọ̀rọ̀ rọra wálẹ̀, tó wúwo lójú ìyá.

Onídùndún kò ní k, kò ní ṣ lójú ìlù. Ohùn nìkan ló ní, síbẹ̀ bó bá lù ú, ìyá ìbejì á ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kí.

Ó dùn mí pé níbi ìkómọ nísinsìnyí, inú fóònù ni wọ́n ti ń kà á, láìsí àmì kankan, ohùn á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàmì sí i lójú pátákó, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kì í láìwo ìwé kó tó kà á.