Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó lóru: ẹ má jáwọ́ nínú ARV (oògùn HIV) yín

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ẹ ní àtẹ́lẹsẹ̀ yín ń ta yín lóru bíi pé ẹ tẹ ata, pé diclofenac àti àgbo lẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ sì fẹ́ pa TLD yín tì, oògùn HIV tí tenofovir, lamivudine àti dolutegravir wà nínú ẹ̀, torí ẹ rò pé òun ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa á tì. Èmi náà ti ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV yìí láti 2006, mo mọ ìrora yẹn, èyí tí kì í jẹ́ kí aṣọ ìbora kan ẹsẹ̀ èèyàn.

Kì í ṣe làkúrègbé o. Iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára (nerve) ló ń bàjẹ́, kòkòrò fúnra ẹ̀ máa ń bà á jẹ́, pàápàá tí CD4, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara, bá ti wálẹ̀ gan-an kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nígbà tiwa, stavudine, oògùn HIV àtijọ́ tí wọ́n ń fún wa, náà ń fà á, ìdí nìyẹn tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) fi ní 2009 ní kí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò. Kò sí i nínú TLD, torí náà tẹ́ ẹ bá jáwọ́, kòkòrò nìkan ló máa ráyè.

Diclofenac yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tenofovir tó wà nínú TLD, kíndìnrín ló ń gbà jáde, ó sì lè ni ín lára, diclofenac náà lè ba kíndìnrín jẹ́, ẹ wá ń da méjèèjì pọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àgbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ diclofenac kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora iṣan. Ẹ ní kí wọ́n yẹ creatinine yín wò kíákíá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kí wọ́n wo ṣúgà náà. Tí wọ́n bá ń fún yín ní INH (isoniazid) torí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ béèrè vitamin B6, torí INH máa ń fa irú ẹ̀.

Gabapentin, oògùn ìrora iṣan, ni dókítà fún èmi, díẹ̀ lálẹ́, ó wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń kunni lóorun, kò sì gbé gbogbo ìrora lọ, ṣùgbọ́n mo ń sùn. Tí kíndìnrín ò bá le, wọ́n gbọ́dọ̀ dín in kù. Tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní carbamazepine, oògùn ìrora iṣan mìíràn, ẹ rán wọn létí pé dolutegravir wà nínú TLD tẹ́ ẹ ń lò, torí carbamazepine máa ń dín agbára dolutegravir kù. Ẹ má gba tramadol lọ́wọ́ oníkẹ́mísì o.

Tẹ́ ẹ bá dé kílíníìkì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "viral load yín dáa" (iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) lé yín jáde. Ẹ kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀, ibi tó ti ń jó, ìgbà tó ń jó, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn àti ìgò àgbo yẹn dání kí wọ́n rí i.