Ẹ má dúró de àṣẹ kí ẹ tó sá fún iná igbó

Ẹ kú ìpayà. Ẹ ní iná igbó ti wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí ilé yín, pé èéfín ti ń wọlé, pé àwọn aláṣẹ kò sì tíì ní kí ẹnikẹ́ni kúrò. Ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ ti lè gbọ́ ìròyìn tó ṣeé gbára lé àti ìgbà tó yẹ kí ẹ gbéra. Èmi náà ti wà nírú ipò yìí rí, mo sì dúró de àṣẹ.

Ìkéde ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà sọ pé iná ṣì jìnnà sí wa. Nígbà tó di nǹkan bí aago 9 alẹ́, ewé kan tó ti jó di dúdú bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ ṣì hàn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló di lẹ́búlẹ́bú. Ó yẹ kí n gbéra lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ńṣe ni mo wọlé lọ jókòó ti fóònù. Kí wákàtí kan tó pé, ẹta iná kan ti bọ́ sórí ẹní ìnusẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹní náà sì ń rú èéfín láìsí ọwọ́ iná kankan. Nígbà tí mo máa fi gbé ojú sókè, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti ń jó, iná mànàmáná sì lọ. Iná mànàmáná yìí kan náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn gáràjì wa. Inú òkùnkùn ni mo ti ń táràrà wá okùn tí wọ́n máa ń fà láti fọwọ́ ṣí i, okùn tí n kò fà rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà, tí ìyá mi tó ti dàgbà ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò lè mí délẹ̀. Nígbà tí a máa fi dé ojú títì, ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi, ọkọ̀ ò sì lè lọ síwájú. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ àwọn aláṣẹ ti wọ fóònù mi: wọ́n ní kí á múra sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn kò fẹ́ kó ìpayà bá ará ìlú. Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Kì í ṣe àwa nìkan. Nígbà tí iná jó ìlú Paradise ní California ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ènìyàn 85 ló kú, ọ̀pọ̀ ará ìlú ni ìkìlọ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìlú Lahaina ní Hawaii ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó lé ní 100 tó kú, wọn kò sì fọn fèrè ìkìlọ̀ tó wà níta rárá.

Nítorí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ ìjọba àdúgbò yín, àmọ́ ẹ má fi ṣe àgbọ́kànlé kan ṣoṣo. Ẹ ní rédíò oníbátìrì, torí pé iná máa ń jó òpó fóònù. Máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ FIRMS, tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ń gbé jáde, ń fi ibi tí sátẹ́láìtì ti rí ooru hàn, ṣùgbọ́n ó lè tó wákàtí 3 kí àmì tó jáde, kùukùu àti èéfín tó ki sì lè bo iná mọ́lẹ̀. Ibi tí iná wà tẹ́lẹ̀ ni ẹ ń wò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka afẹ́fẹ́ sí ju máàpù lọ: ó lè gbé ẹta iná ju kìlómítà kan lọ síwájú iná gan-an. Bí ilé yín bá wà lórí òkè, ẹ tètè gbéra, torí pé iná máa ń yára gun òkè. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ òkè bá fi dígírì 10 pọ̀ sí i, eré iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ní ti èéfín, ìbòmú aláṣọ kò wúlò, ìbòmú N95, irú èyí tó ń sẹ́ èérún wẹ́wẹ́ inú èéfín, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ni kí ẹ wá. Ẹ má sì fi omi sílẹ̀ kó máa ṣàn sórí òrùlé nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ ó dín agbára omi tí àwọn panápaná nílò kù. Aṣọ òwú tàbí ti irun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀, aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe máa ń yọ́ mọ́ ara. Ìwé àti oògùn tó yẹ kí ẹ kó dání, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú gáràjì nísinsìnyí, kí epo inú rẹ̀ kún, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí títì. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá jáde ládùúgbò yín, tàbí tí àgbàlagbà, ọmọdé tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nílé, ẹ má dúró de ewé jíjó bíi tèmi. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń fẹ́ láti ìhà iná bọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí, ẹ má ṣe dá mi lóhùn mọ́. Ẹ gbéra.