Òǹkà Yorùbá fún àwọn ọmọ JSS 2: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ ní àwọn ọmọ JSS 2 yín kò lè ka òǹkà Yorùbá kọjá ogún, pé wọ́n lé ní 60 nínú kíláàsì, ìwé kò sì kárí wọn. Odidi ọdún mẹ́ta ni èmi náà fi ń kọ òǹkà kún pátákó, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ, tí wọ́n sì ń kà á tẹ̀ lé mi bí ẹni ń kọrin. Nígbà tí ìdánwò dé, ọ̀pọ̀ wọn pe 45 ní "márùnlélógójì". Mo nà wọ́n, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀lẹ: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka nǹkan láti kékeré, àfikún sì ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni n kò là wọ́n lóye pé láti orí 1 dé 4 ni Yorùbá ń lé, àmọ́ tó bá ti di 5, ẹ̀wá tó wà níwájú la ó máa wò, tí a ó sì dín in.

Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló yọ mí. Mo ní kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan ṣa 100 wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ, kí wọ́n sì kó wọn ní ogún-ogún. Òkìtì mẹ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ìyẹn ọgọ́ta. Mo wá sọ fún ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì pé kó yọ mẹ́wàá kúrò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ fa mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ka èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mà, àádọ́ta nìyí! Ẹ̀wá ló dín nínú ọgọ́ta." Mo ní kí ó tún yọ márùn-ún. Kí ó tó ṣí ẹnu, àwọn tó wà lẹ́yìn ti pariwo "márùndínláàádọ́ta". Àwọn fúnra wọn ni wọ́n rí àádọ́rin lára ọgọ́rin lọ́jọ́ yẹn. Ogún, ọgbọ̀n àti igba nìkan ni mo ní kí wọ́n há sórí.

Tí ẹ bá rí ọpọ́n ayò, ẹ gbé e wá: ojúlé 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n sọ iye rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ sì sọ ti owó ẹyọ fún wọn, bí àwọn baba wa ṣe ń sin 40 sórí okùn kan, tí okùn 50 ń jẹ́ ẹgbàá, tí ẹgbàá mẹ́wàá sì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ẹ di ìdérí 100 sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí olórí ìjókòó máa kà á padà kí aago tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò fi tán. Nínú ìdánwò, ẹ má béèrè orúkọ òǹkà nìkan. Máàkì kan ni mo ń fún orúkọ, méjì fún ẹni tó bá fi hàn pé 45 jẹ́ ogún mẹ́ta, tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, tí a sì tún yọ àrún.