Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìgbóná Yàrá Tó Di Òdo

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ohun èlò) lórí Linux fún LM75, ohun èlò kékeré tó ń wọn ìgbóná, tí kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà I2C. Nínú yàrá tó wà ní 25°C, i2c_smbus_read_word_data, àṣẹ tó ń ka báìtì méjì pọ̀, ń fún mi ní 0. Bí ó bá gòkè díẹ̀, a di -127. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Báìtì tó wúwo jù ni LM75 máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà SMBus, tí àṣẹ tí ẹ lò ń tẹ̀ lé lórí I2C, gbà pé báìtì tó fúyẹ́ ló ń ṣíwájú. Nítorí náà, 0x1900 (0x ń fi hàn pé òǹkà onípìlẹ̀ 16 ni) tó dúró fún 25°C di 0x0019 lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá sì fi 256 pín in, òdo ló kù. Ní 25.5°C, 0x1980 a di 0x8019, tí s16 (irú nọ́ńbà oníbíìtì 16 tó lè jẹ́ òdì) ń kà sí iye òdì. Ẹ lo i2c_smbus_read_word_swapped, tó ń pààrọ̀ ipò báìtì méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ èsì rẹ̀ di s16, ẹ rí i dájú pé kò kéré sí 0, nítorí òdì níbẹ̀ túmọ̀ sí pé kíkà náà kùnà, kì í ṣe pé òtútù mú. Driver lm75 sì ti wà nínú Linux tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹ bá ń fi èyí kọ́ṣẹ́.