Àbúrò mi, má so oògùn rẹ mọ́ etí ìró lọ sí Mẹ́kà

Àbúrò mi, salamu alaekum. Mo ka ohun tí o kọ. Ọmọ ọdún 26 ni ọ́, wọ́n ní bipolar, àìsàn ọpọlọ tí ara ènìyàn máa ń yá sódì nígbà kan tí ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì nígbà mìíràn, ló ń ṣe ọ́ nígbà tí o wà ní pólì, ọdún 3 rèé tí o ti ń lo oògùn rẹ̀, lithium, tí ara rẹ balẹ̀, bàbá yín sì ti san owó Hajj fún ìwọ àti màmá. O béèrè bóyá kí o lọ. O tún ní ká bá ọ wá ọgbọ́n tí àwọn tí ẹ ó jọ wà ní yàrá kò fi ní rí oògùn rẹ. Ìbéèrè kejì yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn kí n tó dá ọ lóhùn, torí ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, ó sì kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí mi.

Umrah, tí àwọn kan ń pè ní Hajj kékeré, ni mo lọ, nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì. Àwa 5 la wà ní yàrá. Ohun tó ń já mi láyà jù ni ariwo káàdì oògùn. Bí o bá ti oògùn jáde láti inú káàdì lóru, á dún pá, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa gbọ́. Nítorí náà mo ti bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú káàdì láti ilé, mo dà á sínú ọ̀rá, mo sì so ó mọ́ etí ìró tí mo ró sábẹ́ jàlàbíà, bí àwọn ìyá wa ṣe ń so owó ọjà. Ọjọ́ kẹta, mo tú u ní ilé ìwẹ̀. Òógùn ti wọ inú ọ̀rá náà. Gbogbo rẹ̀ ti di bí ẹfun tí wọ́n pò, ó lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọkàn mi wá fúyẹ́. Mo ní Ọlọ́run ló gbà á lọ́wọ́ mi. Àáfà kan ti sọ fún mi nílé pé ẹni tó bá ti mu omi Zamzam, kí ló tún kù tó ń fi oògùn òyìnbó ṣe.

Mò ń gbààwẹ̀ lọ́sàn-án, mò ń dìde kírun lóru. Alẹ́ kẹrin, mi ò fojú kan oorun, kò sì rẹ̀ mí. Ìwọ tí o ní àìsàn yìí mọ ohun tí mò ń wí. Mo pín gbogbo riyal ọwọ́ mi fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mo ń rìn lórí títì ọlọ́dà tó gbóná, mò ń bá àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Àwọn tí a jọ wà ní yàrá ló rí mi mú. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ń ka Kùránì sí mi lórí, wọ́n ń da omi sí mi lójú, wọ́n rò pé àlùjànnú ni. Kò sí èyí tó lè sọ fún dókítà pé oògùn báyìí ló ń lò tẹ́lẹ̀, torí mi ò sọ fún ẹnì kankan. Bàálù tó yẹ kí n wọ̀ padà lọ láìsí mi. Pákátà, ní Ìlọrin, ni ìyá mi wà nígbà tí wọ́n pè é.

Lọ, tí dókítà rẹ bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun ni kó fọwọ́ sí i o, kì í ṣe èmi. Yálà ilé ìwòsàn Òkè-Oyì lò ń lọ tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ Bùdó-Ẹ̀gbá, lọ bá wọn báyìí, má dúró di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbéra. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò: ìwọ̀n lithium inú rẹ̀ àti kídìnrín. Gba lẹ́tà tó ní orúkọ rẹ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, orúkọ oògùn, àti iye tí ò ń lò lóòjọ́. Saudi ní àìsàn tí wọn kì í fẹ́ kí ènìyàn gbé wá sí Hajj, àìsàn ọpọlọ tó bá ń ba òye jẹ́ sì wà lára rẹ̀. Má purọ́ níbi àyẹ̀wò. Lẹ́tà dókítà tó mọ̀ ọ́ tó sì rí i pé ara rẹ dá ló máa gbèjà rẹ. Bí wọ́n bá kọ oògùn oorun tàbí Artane (tí wọ́n máa ń fún ẹni tí oògùn ọpọlọ ń mú kí ara rẹ̀ le tàbí kó máa gbọ̀n) fún ọ, ìdí méjì nìyẹn tí o fi nílò lẹ́tà, torí NDLEA máa tú ẹrù wò ní pápákọ̀, àwọn Saudi ò sì ń fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú káàdì àti páálí tó bá dé. Ìdajì nínú báàgì tí o máa gbé lọ́wọ́ wọ bàálù, ìdajì nínú ti màmá, kó sì ju iye ọjọ́ tí ẹ máa lò lọ.

Ọ̀rọ̀ ooru wá ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà. Lọ́dún 2024, ooru gun 51.8 lórí ìwọ̀n Celsius ní Mọ́ṣáláṣí Ńlá Mẹ́kà, àwọn tó kú nínú Hajj ọdún yẹn lé ní 1,300. Ní ti àwa tó ń lo lithium, ewu mìíràn tún wà nínú ooru. Iye tó ń wò wá sàn àti iye tó ń ṣe wá léṣe sún mọ́ra gan-an. Bí o bá làágùn púpọ̀ tí o kò mumi, kídìnrín á di omi àti iyọ̀ mú kí ara má bàa gbẹ, á sì di lithium mú pẹ̀lú wọn. Òun ni wàá fi rí i tí ọwọ́ ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, kí ẹsẹ̀ máa wọ́ bíi ti ẹni tó mu ọtí. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, má dúró sí yàrá, kí màmá gbé ọ lọ sí kìlínìkì lójú ẹsẹ̀. Máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Má yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ rẹ.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó lọ. Ẹsẹ̀ máa ń dun gbogbo ènìyàn ní Mẹ́kà, àwọn ìyá ò sì ní lọ́ra láti na oògùn ìrora sí ọ. Ibuprofen àti diclofenac máa ń gbé lithium ga nínú ẹ̀jẹ̀. Má gbà á, bó ti wù kí wọ́n fi ìfẹ́ nà án sí ọ tó. Paracetamol ni kí o fi sínú àpò ara rẹ.

Bó bá jẹ́ Umrah nínú àwẹ̀ lo tún ń rò lọ́jọ́ iwájú, Súúrà Al-Baqarah, áyà 185, ti sọ ti aláìsàn àti ti arìnrìn-àjò: ọjọ́ mìíràn ni kó fi san án. Ìwọ á ti jẹ́ méjèèjì.

Oorun. Wákàtí 2 péré ni Saudi fi ṣíwájú wa, ìyẹn ò tó nǹkan. Òru Muzdalifah tí gbogbo ènìyàn ń sùn sórí ilẹ̀ gbalasa, àgọ́ Mínà tí ọ̀rọ̀ kì í tán níbẹ̀, ìtara pé ilé Ọlọ́run ni mo wà, oorun ò kàn mí, àwọn ni kí o ṣọ́ra fún. Bí o bá pàdánù òru kan, sun ọ̀sán ọjọ́ kejì, má bá wọn lọ sí ọjà. Bí ó bá di òru méjì, sọ fún màmá kí ẹ lọ bá àwọn dókítà wa tó máa ń tẹ̀lé àwọn tó ń lọ Hajj. Bí ara ò bá gbé òkò jíjù ní Mínà, ẹlòmíràn lè bá ọ jù ú.

Kí ẹ tó kúrò nílé, jókòó ti màmá, kí o sọ bí tìrẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Tèmi: ọ̀rọ̀ á máa yára jáde, màá máa fún ènìyàn lówó, màá ní kò rẹ̀ mí. Mo kọ ọ́ sí ìwé fún ẹ̀gbọ́n mi kí a tó jọ lọ Hajj lẹ́yìn ọdún 4. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá rí méjì nínú rẹ̀, kó gba owó àti fóònù lọ́wọ́ mi, bí mo tilẹ̀ ń bínú.

Alẹ́ àkọ́kọ́ nínú Hajj yẹn, mo ti oògùn jáde nínú káàdì lójú gbogbo wọn. Ìyá kan láti Ọ̀ffà béèrè pé, “Ẹ̀jẹ̀ ríru ni?” Mo ní, “Rárá, màmá, ti ọpọlọ ni.” Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n na omi sí mi, wọ́n sì yọ tiwọn, ti ìtọ̀ ṣúgà. Láti ọjọ́ yẹn, bí aago 9 bá ti lù, àwọn ló máa ń pè mí pé, “Àlàájà kékeré, oògùn ti tó o.”

O ò béèrè ti ìgbà tí ẹ bá dé, ṣùgbọ́n o mọ Ìlọrin wa. Wọn á máa wọlé wá kí yín láti sààrì títí di òru, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, gbogbo wọn á fẹ́ gbọ́ ìtàn, ara rẹ á sì máa yá sódì. Bá bàbá yín sọ ọ́ láti ìsinsìnyí. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní tèmi, láti aago 8 alẹ́, ó ń sọ fún àlejò pé Àlàájà ti sùn, kí wọ́n padà wá lọ́la.