Ayò alẹ́ Sátidé àti ẹni tó máa ra mínírà

Ìbéèrè: Àáfà, àṣàlámú àléékúmù. Ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn, àwa ọkùnrin bíi mẹ́wàá máa ń kóra jọ síwájú ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Àwọn kan ń ta ayò, àwọn kan ń ta dráàfù, àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń ta lúdò, ẹnìkan sì ti gbé ṣẹ́ẹ̀sì dé báyìí. A kì í ta owó o. Ẹni tí wọ́n bá pa ló máa ra mínírà fún ẹni tó pa á. Ìyàwó mi ní haráámù ni, òun gbọ́ ọ níbi wáàsí. Ṣé kí n jókòó sílé ni?

Ìdáhùn: Wà àléékúmù sàláámù. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Òótọ́ ló gbọ́ níbi wáàsí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níwájú ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ibi mínírà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ ní ẹ kì í ta owó. Ta ló fún yín ní mínírà lọ́fẹ̀ẹ́? Èèyàn méjì jókòó, wọ́n mọ̀ pé kí àwọn tó dìde, àpò ẹnìkan á fẹ́lẹ́ nítorí ayò, ọ̀fun ẹnì kejì á sì tutù. Tẹ́tẹ́ nìyẹn, òun ni Ọlọ́hun kà pọ̀ mọ́ ọtí nínú Súrà Máídà, áyà 90. Kódà, Áńábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) ní ẹni tó bá sọ fún ẹnì kejì pé “wá ká ta tẹ́tẹ́”, kó ṣe sàráà. Búhárì àti Múslímù, àwọn tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn o, wọn ò tíì jókòó. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ dáwó jọ kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀ta tó mọ ayò ta mu, kí ọ̀pẹ tí wọ́n ń pa náà mu.

Lúdò, ẹ kó o kúrò. Hádíìsì wà nínú ìwé Múslímù pé ẹni tó bá ta nardashir, àfi bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Eré àwọn ará Páṣíà ni, dáìsì ni wọ́n sì fi ń ta á. Àwọn onímọ̀ kan ní lúdò ò rí bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò gbà, èmi náà ò gbà.

Ayò ò ní dáìsì. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wà lójútáyé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló ń jẹ. Dráàfù náà nìyẹn. Ní ti ṣẹ́ẹ̀sì, Ìmáámù Máálíkì tí à ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa ní kò sí oore kankan nínú rẹ̀. Ṣáfíì náà ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní haráámù bí kò bá sí tẹ́tẹ́, tí kò sì gba ìrun lọ́wọ́ èèyàn. Ohun tí wọ́n ń sá fún níbẹ̀ lè bá ayò náà. Mi ò ní pe ẹni tó ń ta èyíkéyìí nínú wọn láìsí tẹ́tẹ́ ní ẹlẹ́ṣẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nídìí ayò, ẹnu ni. Ìdí ayò ni mo dàgbà sí. Ọ̀ta á kó ọmọ sọ́wọ́, á máa gbìn ín kọ́, kọ́, kọ́, ojú rẹ̀ ò ní sí lára ọpọ́n mọ́, ojú ọ̀pẹ ló máa ń wò: “Ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ní ení, èjì ni?” Àwọn tó ń wòran á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ẹ̀fẹ̀ ni. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n sọ ní Aláìmọ̀kà nídìí ayò. Nígbà tó yá, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè é láàárín sáàfù ìrun, ló bá yí mọ́sáláásí padà. Ẹ ka áyà 11 nínú Súrà Hújúráàtì, ẹ wo ibi tó ti mẹ́nu kan orúkọ burúkú tí à ń sọ ara wa.

Ó ku alẹ́ tí ẹ fi ń ṣe é. Áńábì kò fẹ́ kí èèyàn sùn ṣáájú ìrun Íṣáì, kò sì fẹ́ kó jókòó máa tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sì mọ irú Àsùbáà tí ẹni tó ta ayò di agogo méjìlá òru máa ń kí. Ẹ gbé e wá sẹ́yìn Àsárì, kí ẹ ká ọpọ́n nílẹ̀ kí wọ́n tó pe Màgàríbì. Wákàtí bíi mẹ́ta ló wà láàárín, ọ̀pẹ á ti jìyà tó. Ẹ ó sì bá ìyàwó yín lójúfò nígbà tí ẹ bá wọlé. Ẹ rọra bi í léèrè, ó lè má jẹ́ wáàsí nìkan ló ń dùn ún.

Àwọn mínírà tí ẹ ti mu ńkọ́? Ẹ tọrọ àforíjìn, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ ṣe sàráà, bí ẹ bá ṣì rántí iye ìgò. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.